Aṣọ Tí Àlàájì Fi Bò Mí

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ronú iṣẹ́ tí ẹ óò fi ọjọ́ ayé yín ṣe, ẹ fi ìjókòó kan tì mí. N kì í ṣe ẹni tó lọ́rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu. Mọ́rẹ̀nikẹ́, ìyàwó mi tó ti lọ sinmi, máa ń sọ pé bí òun bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, àfi kí òun fi mí sí abẹ́ irin tí mo fi ń tẹ ìwé mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ ìdìwé ni mo ṣe. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi ṣe é ní Ọ̀tà, mo sì fẹ̀yìn tì nígbà tí n kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́.

Abúlé kan lẹ́bàá Ìwó ni mo ti wá. Nígbà tí mo dé Ṣàngó ní Ọ̀tà, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọ̀rá tí a fi ń di ọjà ni mo kọ́kọ́ bá ṣiṣẹ́. Ooru ibẹ̀ lé mi jáde láàárín ọdún kan. Ẹ̀gbọ́n mi wá mú mi lọ bá Àlàájì Múdáṣírù, ọmọ bíbí Ọ̀tà, tó ní ṣọ́ọ̀bù ìdìwé ní ọ̀nà Ilo-Awela. Kùránì àti ìwé ilé-kéú ni bàbá rẹ̀ ń dì kí ó tó di pé òun náà gba iṣẹ́ náà.

Àlàájì wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"O mọ̀wé kà?"

"Rárá, sà."

"Ó dáa. O ò ní máa ka ìwé oníwèé."

Bí wọ́n ṣe gbà mí nìyẹn.

Ọdún kan gbáko ni mo fi ń ká bébà tí mo sì ń se sítáàṣì tí a fi ń lẹ páálí. N kò fọwọ́ kan abẹ́rẹ́. Bí mo bá ti ká bébà tán, Àlàájì á fi èékánná fa ojú ìká rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí èékánná náà bá fò níbì kan, yóò da gbogbo rẹ̀ padà síwájú mi. Kò ní bú mi. Yóò kàn sọ pé, "Tún un ká." Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ránwé, ó lè fi ọ̀bẹ já òwú tí mo ti fi gbogbo òwúrọ̀ rán nítorí pé ìdè kan ṣoṣo dẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń sọ: "Ìwé kì í bo àṣírí. Bí o bá rẹ́ ẹ jẹ ní kọ̀rọ̀, yóò tú ọ fó lójú èrò." Mo rò pé ó kàn ń fi dẹ́rù bà mí ni.

Ní ọdún kẹta, mo ṣe ohun tí n kò ní gbàgbé. Ọ̀gá ilé-ìwé kan tó ti fẹ̀yìn tì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìtàn ìdílé wọn, ẹyọ kan ṣoṣo. Àlàájì ní kí n gé etí rẹ̀ kó dọ́gba. N kò mọ̀wé, nítorí náà ojú kan náà ni gbogbo etí ìwé jẹ́ fún mi. Mo gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ ìgéwé, mo fa irin rẹ̀ wálẹ̀. Ìparí gbogbo ìlà inú ìwé náà ni mo gé dànù, láti ojú ewé kìíní dé èyí tó kẹ́yìn.

Bàbá náà dé pẹ̀lú ọmọkùnrin rẹ̀ méjì. Ó ṣí ìwé, ó wò ó, ó jókòó. Èyí ẹ̀gbọ́n nínú àwọn ọmọ náà ti ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.

"Èwo nínú yín ló ṣe é?"

Mo lóṣòó sẹ́yìn ẹ̀rọ. Àlàájì tú okùn épúróònù ọrùn rẹ̀, èyí tí awọ ewúrẹ́ wà níwájú rẹ̀, ó jù ú bò mí lórí ní ibi tí mo lóṣòó sí, ó sì wá dúró síwájú mi.

"Ọwọ́ mi ló wà lórí ẹ̀rọ," ó ní. "Èmi ni kí ẹ lù."

Kò sẹ́ni tó lè lu Àlàájì ní Ọ̀tà. N kò rí nǹkan kan lábẹ́ aṣọ náà. Òórùn sítáàṣì àti ìda oyin tí a fi ń pa òwú nìkan ni mò ń gbọ́, pẹ̀lú ohùn Àlàájì tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí kò ṣe. Odindi oṣù méjì ló fi ń lọ jókòó ti bàbá náà ní ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n ń rántí ọ̀rọ̀ tí mo gé dànù, tí bàbá sì ń tún un kọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ló pè mí. "Délé, lọ forúkọ sílẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ àgbà tó wà ní Itele. Kí o máa mọ ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí kí o tó gé e."

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà tí mo kọ́ a, b, d. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ó ti pẹ́ jù.

Mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé àṣà kan báyìí. Ní ṣọ́ọ̀bù mìíràn, bí ọmọṣẹ́ bá fẹ́ gba fírídọ̀mù, wọ́n á gbàdúrà fún un, wọ́n á fún un ní ìwé ẹ̀rí. Ti Àlàájì yàtọ̀. Yóò bọ́ épúróònù ọrùn ara rẹ̀, yóò gbé e kọ́ ọmọṣẹ́ náà lọ́rùn, yóò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ so okùn rẹ̀ lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni òun yóò rán òmíràn fún ara rẹ̀. Ẹni tí a kò bá so okùn fún, ọmọṣẹ́ ni, ì báà hu ewú. Ẹni méjì ti gbà á kí n tó dé. Èmi ń retí tèmi.

"Àlàájì, ṣé ó ti tó?"

"Ó kù díẹ̀."

Ọdún kẹfà, ó kù díẹ̀. Ọdún kẹsàn-án, ó kù díẹ̀. Inú mi bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà mìíràn lọ.

Àsìkò yẹn ni ayé yí padà ní Ọ̀tà. Ṣọ́ọ̀ṣì ń gba pápá tí àgbàdo wà tẹ́lẹ̀. Yunifásítì dé. Lójoojúmọ́ ni ọkọ̀ ń já àwọn èèyàn sílẹ̀ ní Ṣàngó Toll Gate pẹ̀lú bébà lọ́wọ́: akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ di pírọ́jẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sínú páálí dúdú tó ní lẹ́tà wúrà, ṣọ́ọ̀ṣì tó fẹ́ di ìwé orin. Abẹ́rẹ́ wa kò lè bá wọn sáré. Èmi ni mo rọ Àlàájì títí tó fi ra ẹ̀rọ gúlúù gbígbóná. Ìwé tí a ń fi wákàtí méjì rán, ẹ̀rọ náà ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Àlàájì dúró tì í, ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo àna tí kò fẹ́.

"Ó yá lọ́wọ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n bébà tó ń dán kì í jẹ gúlúù. Èyí tó bá ń dán, rírán ni."

Kò pẹ́ sí i ni àìsàn ẹ̀gbà dá a dúbúlẹ̀. Apá ọ̀tún rẹ̀ rọ, ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n gbé e lọ sílé rẹ̀ lẹ́yìn ọjà àtijọ́. Épúróònù rẹ̀ wà lórí ìṣó nínú yàrá ẹ̀yìn, níbi tó fi kọ́ sí ní àárọ̀ ọjọ́ náà.

Èmi ni mo dàgbà jù nínú àwa márùn-ún tó kù, nítorí náà mo di ẹni tó ń darí iṣẹ́. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Ní oṣù kan lẹ́yìn náà, a parí iṣẹ́ pírọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún yẹn, a se ìrẹsì, a jókòó yí tábìlì ká ní ọ̀sán. Mo wọ yàrá ẹ̀yìn lọ ṣan ọwọ́. Mo rí épúróònù náà. Mo gbé e kọ́rùn, mo so okùn rẹ̀ fúnra mi, mo sì jáde sí wọn. Bí mo bá sọ pé eré ni mo fi ṣe, irọ́ ni.

Wásíù, ẹni tó ń gé ìwé fún wa, ló kọ́kọ́ gbá tábìlì.

"Ọ̀gá tuntun ti dé! Ẹ wò ó, ó bá a mu ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

"Ẹ bu ẹran síwájú ọ̀gá o," èyí kejì wí.

"Ẹ̀fẹ̀ ni, ẹ̀fẹ̀ ni," mo wí. Ṣùgbọ́n n kò bọ́ ọ.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ti jẹ́ kí a fi ọ̀dà pa orúkọ Àlàájì rẹ́ lára pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù, a sì kọ tèmi sí i. Bí oníbàárà bá béèrè rẹ̀, mo máa ń sọ pé bàbá ti fiṣẹ́ sílẹ̀. Ohun tó tọ́ sí i ń dé ilé rẹ̀, n kò jalè. Orúkọ rẹ̀ ni mo jí. Lílọ tí mo ń lọ kí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ di oṣooṣù, ó sì dáwọ́ dúró. Ọjọ́ tí Mọ́rẹ̀nikẹ́ rí épúróònù náà lọ́wọ́ mi, ó béèrè ìbéèrè kan péré.

"Àlàájì ti kú ni?"

"Rárá."

Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó sá a sóòrùn, ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ní àkókò yìí ni akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Tóyọ̀sí mú pírọ́jẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wá. Ẹ̀kọ́ ìtàn ló ń kọ́. Ojú mi bọ́ sórí ìlà kan níbi tí mo ti ń to ewé rẹ̀, mo sì ṣẹ̀ sí òfin Àlàájì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ọ̀gágun kan ní ilẹ̀ Róòmù àtijọ́ ni ó kọ nípa rẹ̀, Magnentius lorúkọ rẹ̀. Àwọn òbí rẹ̀ kì í ṣe ọmọ Róòmù, iṣẹ́ ogun ló gbé e ga. Ní ọjọ́ kan àwọn ọmọ ogun fẹ́ pa á. Ọba tó ń jẹ lórí wọn, Constans, na ẹ̀wù ara rẹ̀ bò ó, wọ́n sì fi í sílẹ̀.

Ọwọ́ mi dúró lórí bébà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà ń kà á?" Tóyọ̀sí ti dé ẹ̀yìn mi. "Olùkọ́ mi gan-an kò kà á tó bẹ́ẹ̀."

"Kí ló wá ṣe lẹ́yìn tí ọba fi ẹ̀wù bò ó?"

"Ó gba oyè lọ́wọ́ ẹni tó bò ó. Wọ́n ń ṣe àsè lọ́wọ́, ó dìde bí ẹni tó fẹ́ lọ tọ̀, ó wá jáde sí wọn pẹ̀lú aṣọ àlùkò ọba lọ́rùn. Gbogbo wọn kí i ní ọba. Ọba àtijọ́ sá, wọ́n lé e bá, wọ́n pa á."

"Òun wá ńkọ́?"

"Ó jọba. Kò ju ọdún mẹ́ta àti díẹ̀ lọ. Arákùnrin ọba tó kú gbógun tì í. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gágun rẹ̀ ti sá lọ bá ọ̀tá kí ogun tó le. Wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀, ó ń sá láti ìlú dé ìlú. Nígbà tó rí i pé àwọn tó kù lọ́dọ̀ rẹ̀ fẹ́ fà á lé ọ̀tá lọ́wọ́, ó ṣubú lé idà ara rẹ̀." Ó wo ojú mi. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n ni?"

"Wá gbà á ní Ọjọ́bọ̀," mo dá a lóhùn.

Mo di pírọ́jẹ́ẹ̀tì náà dáadáa. N kò bọ́ épúróònù náà. Ẹni tó bá ń gun ẹṣin ìgbéraga kì í tètè mọ̀ pé kò sí ìjánu lọ́wọ́ òun.

Ní oṣù tó tẹ̀lé e, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan gbé iṣẹ́ ìwé orin ẹgbẹ̀ta fún wa, fún àpéjọ ọdọọdún wọn. Bébà tó ń dán ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, nítorí àwòrán inú rẹ̀. Dékìn Adéoyè, akọ̀wé wọn, fẹ́ ẹ ní ọjọ́ mẹ́wàá. Ní ọjọ́ kejì, ìyàwó Àlàájì, Ìyá Kúbúrá, wọ ṣọ́ọ̀bù. Mo ní kó jókòó lórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà. Ó ti pẹ́ níbẹ̀ kí n tó dá a lóhùn.

"Bàbá gbọ́ nípa iṣẹ́ náà," ó ní. "Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé ó ń dán. Rírán ni."

"Ẹ kí Bàbá, mà. Ẹ ní mo ti gbọ́."

Nígbà tó lọ, Wásíù rẹ́rìn-ín. "Ṣé a ó máa fi abẹ́rẹ́ rán ẹgbẹ̀ta ni? Ọ̀gá, ẹ tan ẹ̀rọ jàre."

Mo tan ẹ̀rọ. Ní ọjọ́ kẹfà, ìwé ti pé. Wọ́n dúró dáadáa lórí tábìlì, wọ́n lẹ́wà.

Wọ́n pè mí sí àpéjọ náà, wọ́n fún mi ní ìjókòó ní ìlà kejì. Abẹ́ ìbòrí páànù ni, ọ̀sán gangan, ooru mú. Wọ́n gbé fáànù ńlá sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Olórí akọrin pe nọ́ńbà orin, gbogbo ìjọ ṣí ìwé lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbọ́ ìró náà kí n tó rí i, bí ìgbà tí ewé gbígbẹ bá ń já. Gúlúù ti rọ̀. Ojú ewé ń yọ kúrò lẹ́yìn ìwé ní ẹyọ ẹyọ, fáànù sì ń gbé wọn. Wọ́n ń fò lọ sórí àwọn akọrin, sábẹ́ àga, sórí orí àwọn bíṣọ́ọ̀bù. Orin náà bẹ̀rẹ̀, ó sì kú sẹ́nu wọn.

Ìyá àgbàlagbà tó jókòó tì mí kò ní ohun mìíràn lọ́wọ́ mọ́ ju páálí ìwé lọ. Ó gbé e sókè, ó wo inú rẹ̀.

"Ọmọ mi, ta ló dì í?"

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń ṣa ewé tó bọ́ sẹ́sẹ̀ mi.

"Ó mà ṣe o," ó ní. "Ẹni yẹn ò ní ọ̀gá ni?"

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, Dékìn Adéoyè já àpò ìwé sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ará àdúgbò ti dúró. Kí n tó la ẹnu, Wásíù, tó kọ́kọ́ pè mí ní ọ̀gá, ti bọ́ síwájú.

"Dékìn, ẹ má bínú sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó wọ épúróònù yẹn kò tíì gba fírídọ̀mù. Òun fúnra rẹ̀ ló so ó mọ́ ara rẹ̀."

Òtítọ́ ló sọ. Ní ọjọ́ Jímọ̀, òun àti àwọn mẹ́ta yòókù ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn. Dékìn fún mi ní oṣù márùn-ún láti wá ojútùú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó ní gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì Ọ̀tà ni yóò gbọ́, orúkọ ilé ìdìwé náà yóò sì parẹ́. Èmi nìkan jókòó láàárín àpò. Mo rántí ọkùnrin Róòmù yẹn, àti idà rẹ̀. Mo wá pinnu pé n kò ní sá láti ìlú dé ìlú. Ohun kan wà tí ọkùnrin yẹn kò lè ṣe mọ́, nítorí ẹni tó bò ó ti kú. Tèmi ṣì wà láàyè, kò sì ju ìrìn wákàtí kan lọ.

Mọ́rẹ̀nikẹ́ fọ épúróònù náà, ó ká a. Mo gbé e dání lọ sílé Àlàájì. Ó wà lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀pá lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo gbé aṣọ náà síwájú ẹsẹ̀ rẹ̀.

Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ń jáde láti ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀, díẹ̀díẹ̀.

"Ó dán?"

"Ó dán, sà."

"O lẹ̀ ẹ́?"

"Mo lẹ̀ ẹ́."

Ìyá Kúbúrá ń ṣa ẹ̀wà nítòsí, kò wò mí.

"Lọ kó wọn wá," ó ní. "Gbogbo wọn. Síbí."

Kò sọ pé òun dárí jì mí. Kò sọ pé òun kò dárí jì mí. Kí n tó kó àpò kan ṣoṣo, mo gun àkàbà níwájú ṣọ́ọ̀bù lójú gbogbo àdúgbò, mo fọwọ́ ara mi pa orúkọ mi rẹ́, mo sì kọ ÀLÀÁJÌ MÚDÁṢÍRÙ sí i. Lẹ́tà náà wọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ṣeé kà.

Oṣù mẹ́rin ni mo fi jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Mò ń to ojú ewé, mò ń fi òlu lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ wọn, mò ń fi òwú tí a fi ìda pa rán wọn. Mọ́rẹ̀nikẹ́ ń bá mi pa òwú ní gbogbo Sátidé. Bí ìdè kan bá dẹ̀, Àlàájì á fi ọ̀pá kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. N kò ní béèrè. Màá já a, màá tún un rán. Èékánná ọwọ́ òsì rẹ̀ ló fi ń yẹ̀ ẹ́ wò báyìí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, abẹ́rẹ́ ti jẹ àtàǹpàkò mi, ó wú. Ìyá Kúbúrá ní kí n sinmi. Mo fi aṣọ dì í, mo ń bá iṣẹ́ lọ. Mo mọ̀ pé bí mo bá dìde níbẹ̀ kí ẹgbẹ̀ta tó pé, n kò ní padà mọ́.

Ní oṣù kejì, ọ̀pá náà ń kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lójúmọ́. Ní oṣù kẹrin, mo lè rán láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kí n má gbọ́ ọ.

Dékìn Adéoyè fúnra rẹ̀ ló wá kó wọn. Ó mú ọ̀kan, ó di páálí rẹ̀ mú ní etí méjèèjì, ó gbọ̀n ọ́n bí ẹni tó ń gbọn aṣọ. Kò sí ohun tó já. Ó tún un gbọ̀n. Ó wo Àlàájì.

"Àlàájì, ẹ̀yin lẹ rán an?"

Àlàájì fi ọ̀pá tọ́ka sí mi. "Ọwọ́ tirẹ̀ ni."

Nígbà tí ọkọ̀ lọ tán, ó ní kí n gbé épúróònù wá. Ó wà lórí àga kan láti ọjọ́ tí mo dá a padà, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ó fi ọwọ́ òsì gbé e, ó fi kọ́ ọrùn ara rẹ̀ ná. Ó simi. Lẹ́yìn náà ló bọ́ ọ, tó sì ní kí n wá kúnlẹ̀. Ó gbé e kọ́ mi lọ́rùn.

"Yí ẹ̀yìn sí mi."

Mo yí ẹ̀yìn sí i. Mo gbọ́ tó ń wá okùn. Ọwọ́ kan kò lè so okùn méjì. Ìyá Kúbúrá dìde láti ràn án lọ́wọ́.

"Jókòó," ó sọ fún un.

Ó fi eyín di okùn kan mú, ó fi ọwọ́ òsì yí èkejì ká a. Ó bọ́. Ó tún un ṣe. Ó bọ́. Mò ń gbọ́ èémí rẹ̀ lẹ́yìn mi. Ó pẹ́, ìyá náà kò sì sún mọ́ wa. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, okùn náà mú mi lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó le.

"Ó ti tó," Àlàájì wí.

Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀ ló kú. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára pátákó náà títí di òní. Ẹ̀rọ mìíràn ti dé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ti ń fi pírọ́jẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n èékánná ni mo fi ń yẹ ìká wò títí ojú mi fi kọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́, ẹ wá ẹni tó lè sọ fún yín pé ó kù díẹ̀, kí ẹ sì dúró.

N kò tú okùn yẹn rí. Ní gbogbo ọdún tó kù tí mo fi ṣiṣẹ́, orí ni mo ń gba wọ épúróònù náà, orí ni mo sì ń gbà bọ́ ọ.